Rìmóòtù Tí Kò Ní Bátìrì

Kò sí bátìrì nínú rìmóòtù náà.

Ìńsípẹ́kítọ̀ Ràfátù Àkànó yí i padà, ó ki ìka bọ inú ihò tó yẹ kí bátìrì wà, ó sì tún un wò lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé obìnrin náà kì í gba ohun tí ojú rẹ̀ rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo gbọ́. Òfìfo ni. Bẹ́ẹ̀ rìmóòtù yìí kan náà ni wọ́n bá lọ́wọ́ òkú Bàbá Ọ̀ṣuntóyìn lánàá, pẹ̀lú ọ̀rá tó bá a wá láti ṣọ́ọ̀bù lára rẹ̀. Bàbá kò gbà kí ẹnikẹ́ni bọ́ ọ̀rá náà títí ó fi kú.

"Sájẹ́ǹtì, ta ló yọ bátìrì inú nǹkan yìí?"

Sájẹ́ǹtì Adégbénró dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó yọ ọ́, Màmá. Bí a ṣe bá a lọ́wọ́ Bàbá ni mo ṣe sọ ọ́ sínú àpò ẹ̀rí. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ṣí i."

"Ó dá ọ lójú?"

"Mo fi Bíbélì búra, mà."

"Mo ti mọ̀ pé onígbàgbọ́ ni ọ́. Dá mi lóhùn bí ọlọ́pàá."

"Ó dá mi lójú, mà."

Ọ̀rọ̀ ikú yìí kò lọ́jú pọ̀ rárá lójú Adégbénró. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá Ọ̀ṣuntóyìn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló ń gbé inú ilé rẹ̀ ní Onírèké. Lọ́sàn-án àná, lẹ́yìn tí wọ́n pe ìrun Àsárì tán, gbogbo àwọn tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Láwùmí tó ń ta mínírà ní òdìkejì títì gbọ́ tí tẹlifíṣọ̀n Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kò pẹ́ sí i, Ṣèyífúnmi, ìyàwó ọmọ rẹ̀, gbé kúlà oúnjẹ wọlé. Kò pẹ́ sí ìyẹn náà, ó sáré jáde, ó ń ké, ẹ̀jẹ̀ sì wà lára ìró rẹ̀. Wọ́n bá Bàbá nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, ó ti fi ẹ̀yìn orí gbá etí tábìlì òkúta tó wà láàárín pálọ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó wọ ilé náà láàárín ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n tàn àti ìgbà tí ìyàwó dé.

Ẹni kan ṣoṣo tó tún dé ilé náà lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni Gbádérọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá. Ṣùgbọ́n Gbádérọ̀ ti kúrò níbẹ̀ kí ìrun tó dé, àárín àwọn èèyàn ló sì jókòó sí ní ṣọ́ọ̀bù Láwùmí nígbà tí tẹlifíṣọ̀n tàn. Òun gan-an ló rẹ́rìn-ín tó ní, "Bàbá ti jí o!"

Òkú kì í tan tẹlifíṣọ̀n. Ohun tí DPO sọ nìyẹn, ó sì ti pàṣẹ pé láàárọ̀ ọ̀la, kí wọ́n gbé Ṣèyífúnmi lọ sí kóòtù lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn. Ọmọ ọwọ́ tó ń mu ọmú ni obìnrin náà ní. Tó bá ti ti kóòtù wọ ẹ̀wọ̀n, ọjọ́ tí ẹjọ́ yóò tún fojú kan adájọ́, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ràfátù lọ bá tẹlifíṣọ̀n náà. Ó ní ilẹ̀kùn kékeré kan níwájú níbi tí bọ́tìnnì wà, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi téèpù lẹ̀ ẹ́ pa. Àwọn ọmọ-ọmọ Bàbá ti tẹ bọ́tìnnì náà wọnú lọ pátápátá láti ìjelòó. Rìmóòtù nìkan ló kù tó lè pàṣẹ fún un.

"Bóyá NEPA ni, Màmá," ni Adégbénró wí. "Bóyá ṣe ni iná dé lójijì tí tẹlifíṣọ̀n sì tàn."

"Yọ wáyà ẹ̀ lára ògiri, kí o tún un kì bọ ibẹ̀."

Adégbénró ṣe bẹ́ẹ̀. Iná pupa kékeré kan tàn níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ìró kankan kò jáde.

"O rí i? Bí iná dé nígbà ọgọ́rùn-ún, ojú pupa lásán ló máa là sí ọ. Ó dìgbà tí ẹnì kan bá pàṣẹ fún un."

Ó jókòó sórí àga Bàbá. Àṣà rẹ̀ nìyẹn, kì í bẹ̀rù àga òkú. Láti ibẹ̀, ó wo ohun tí Bàbá máa ń wò: tẹlifíṣọ̀n níwájú, fèrèsé onílúfà tó ṣí sí títì lápá ọ̀tún, rédíò kékeré kan nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé rédíò náà, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Bátìrì méjì tín-ín-rín wà nínú rẹ̀, irú èyí tí rìmóòtù ń lò.

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn. Kò sí ilé kan ní Ìbàdàn tí wọn kò mọ ìwà yìí. Bí NEPA bá mú iná lọ, rìmóòtù ò níṣẹ́ mọ́, wọ́n á yọ bátìrì rẹ̀ sínú rédíò kí wọ́n lè gbọ́ ìròyìn. Bí iná bá dé, wọ́n á dá a padà. Bátìrì kan náà, ilé méjì.

"Sájẹ́ǹtì, Bàbá kọ́ ló tan tẹlifíṣọ̀n lánàá. Ẹnì kan fi rìmóòtù yìí sí i lọ́wọ́ kí a lè rò bẹ́ẹ̀, onítọ̀hún kò sì mọ̀ pé òfìfo ni."

"Màmá, bóyá Ṣèyífúnmi náà ló yọ bátìrì sínú rédíò lẹ́yìn tó ṣekú pa á."

Ó bí Ràfátù nínú pé ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu.

*

Ọmọ náà, Tijésùnimí, ń mu ọmú lọ́wọ́ nígbà tí Ràfátù wọ yàrá tó wà lẹ́yìn káńtà ní tẹ́ṣàn. Àbúrò Ṣèyífúnmi ló gbé e wá. Ṣèyífúnmi fẹ́ dìde kí i.

"Jókòó, ìyá ọlọ́mọ. Jẹ́ kó mu ún yó. Kí ló fa ìjà láàárín ìwọ àti Bàbá láàárọ̀ àná?"

"A ò jà, mà."

"Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Aládùúgbò Bàbá gbọ́ tí Bàbá ń pariwo pé ìwọ lo máa pa òun. Má pa èkejì fún mi, torí pé èmi nìkan ló kù tó fẹ́ gbọ́ tìẹ."

Omi bọ́ lójú Ṣèyífúnmi, ó kán sí orí ọmọ. "Ẹ̀rù ló bà mí, mà. Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ pé a jà, ẹ ó ní èmi náà ni. Ọ̀rọ̀ bátìrì ni. Ó ti ṣe díẹ̀ tí wọ́n ti ń rán mi ní bátìrì rédíò, mo ń gbàgbé. Wọ́n ní èmi ló máa fi ìyà pa àwọn, pé ara rìmóòtù làwọn ti ń yá bátìrì lò látọjọ́ yìí. Wọ́n ní iná ti lọ láti ìjẹta, bátìrì ti wà nínú rédíò, bí iná bá tilẹ̀ dé, àwọn ò ní í dá a padà títí màá fi ra tuntun. Bàbá lágídí, mà."

"O wá rà á?"

"Mo rà á lọ́sàn-án, nígbà tí iná ti dé, bí mo ṣe ń gbé oúnjẹ bọ̀. Ó wà nínú báàgì mi."

Ràfátù yíjú sí Adégbénró. Adégbénró jáde, ó gbé báàgì náà wọlé, ó tú u sórí tábìlì: aṣọ ìnuwọ́, ìdọ̀tí pẹ́ḿpáàsì kan, bátìrì méjì tín-ín-rín tí wọn kò tíì bọ́ páálí rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi rìmóòtù tan àwọn èèyàn jẹ, tí bátìrì tuntun wà lápò rẹ̀, kò ní í fi òfìfo sí òkú lọ́wọ́.

"Nǹkan míì wà," ni Ràfátù wí. "Mo rí i lójú rẹ."

"Bàbá ní tẹlifíṣọ̀n máa ń dá tàn fúnra ẹ̀ nígbà míì. Wọ́n ní Màmá tó kú ló ń wá wo àwọn. Àwọn ẹbí ní kí wọ́n ta ilé yẹn, ilé òkú ni. Bàbá ò gbà. Wọ́n ní tó bá jẹ́ ìyàwó àwọn ni, kó jókòó káwọn jọ máa wò ó." Ó gbé ojú sókè. "Mà, nígbà tí mo dé, Bàbá ṣì ń mí. Mo gbé orí wọn lé itan mi, ibẹ̀ lẹ̀jẹ̀ ti kàn mí. Mo ti sọ ọ́ títí, wọ́n ní irọ́ ni."

Àánú rẹ̀ ṣe Ràfátù gan-an, kò sì fi pamọ́. Ó fọwọ́ kan ọmọ náà lórí kó tó jáde.

*

Kò sẹ́ni tó wọlé, bẹ́ẹ̀ tẹlifíṣọ̀n gbàṣẹ. Ó túmọ̀ sí pé láti ìta ni àṣẹ náà ti wá. Ràfátù padà sí ilé Bàbá, ó fi bátìrì Ṣèyífúnmi sínú rìmóòtù rẹ̀, ó jáde sí títì, ó tẹ̀ ẹ́. Tẹlifíṣọ̀n kò mì. Ó dé ẹnu géètì, ó tún tẹ̀ ẹ́, pàbó. Ó dìgbà tó dé ẹ̀bá fèrèsé kí tẹlifíṣọ̀n tó dáhùn. Rìmóòtù lásán kò lè sọdá títì. Èyí tó sọdá, ẹnì kan ló fún un lágbára.

Ìyẹn ló gbé òun àti Adégbénró dé Dùgbẹ̀, lọ́dọ̀ Tiwátọ́pẹ́ onírédíò, tó máa ń tún tẹlifíṣọ̀n Bàbá ṣe. Ọkùnrin náà ń fi irin gbígbóná jó òjé mọ́ inú rédíò kan, kò tilẹ̀ gbójú sókè títí ó fi gbọ́ pé ọlọ́pàá ni.

"Rìmóòtù tó ń lọ jìnnà? Bẹ́ẹ̀ ni, mo ṣe ọ̀kan. Kì í ṣe ọ̀ràn, àbí?"

"Sọ bó o ṣe ṣe é, màá sọ bóyá ọ̀ràn ni."

"Rìmóòtù gbogboǹṣe ni oníbàárà náà gbé wá, irú èyí tó ń pàṣẹ fún oríṣiríṣi tẹlifíṣọ̀n. Gílóòbù kékeré kan ló máa ń wà lórí ẹ̀, ìyẹn ló ń tan iná tí ojú wa ò rí. Nǹkan tín-ín-rín kan sì wà nínú ẹ̀ tó ń dín iná tó ń lọ síbẹ̀ kù. Mo yọ ìyẹn, mo fi èyí tí ò lágbára tó ìyẹn rọ́pò ẹ̀, kí iná lè pọ̀. Mo fi gílóòbù méjì kún ti àkọ́kọ́, mo wá fi gíláàsì kékeré síwájú wọn kí iná náà má fọ́n ká. Ó ń jẹ bátìrì bí ọmọdé tó ń jẹ ẹ̀pà, àmọ́ ẹ ò lè gbà gbọ́ bó ṣe ń lọ tó. Láti ibí yìí, mo pa tẹlifíṣọ̀n tó wà ní ṣọ́ọ̀bù òdìkejì, ọ̀gá tó ni ín bẹ̀rẹ̀ sí í bú NEPA."

Ó rẹ́rìn-ín. Ràfátù kò rẹ́rìn-ín.

"Ta lo ṣe é fún?"

"Ó ní fún gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ni. Ó wọ awò dúdú. Ó ní kí n rí i pé ó mú irú tẹlifíṣọ̀n Bàbá Ọ̀ṣuntóyìn, pé irú ẹ̀ ni wọ́n ní. Ó ní òun ni Jóṣúà, ọmọ Bàbá."

Adégbénró fo sókè bí ẹni tí èèrà ta. "Jóṣúà! Ọkọ Ṣèyífúnmi! Màmá, tọkọtaya ni wọ́n jọ pa á! Ọkọ tan tẹlifíṣọ̀n látìta, ìyàwó wọlé!"

Ẹnu ya Ràfátù, ẹ̀rù sì bà á díẹ̀. Ohun tó wá láti fi gba obìnrin náà là ti fẹ́ rì í mọ́lẹ̀. Bí DPO bá gbọ́ orúkọ yìí, kò sẹ́ni tí yóò tún bi Ṣèyífúnmi ní ìbéèrè kan mọ́. Wọ́n padà sínú ọkọ̀.

"Jóṣúà wà ní Yólà tó ti ń kọ́ni," ni Ràfátù wí.

"Ó lè yọ́ wá, mà."

"Ó lè yọ́ wá. Ṣé ẹni tó yọ́ wá ṣe ibi á dúró ní Dùgbẹ̀ kéde orúkọ bàbá ẹ̀? Gbọ́, Sájẹ́ǹtì. Inú ilé yẹn ni wọ́n ti bí Jóṣúà. Láti kékeré ló ti ń rí bátìrì tó ń ti rìmóòtù lọ sínú rédíò. Ọmọ inú ilé kò lè ṣe àṣìṣe tí apànìyàn yìí ṣe. Ẹni tó ń wá kí Bàbá ló ṣe é, ẹni tó ń jókòó díẹ̀ tó ń lọ, tí kò sùn níbẹ̀ rí nígbà tí iná lọ. Ó mọ orúkọ gbogbo ẹbí, kò mọ ìṣe ilé."

Adégbénró kò sọ pé òun gbà. Ṣùgbọ́n kò wo aago mọ́.

*

Láwùmí jẹ́ obìnrin tó mọ́ tónítóní, inú rẹ̀ kò sì dùn pé ọlọ́pàá tún padà wá.

"Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo ti sọ. Wọ́n pe ìrun tán, tẹlifíṣọ̀n tàn, ìyàwó wọlé."

"Mi ò bi ọ́ nípa tẹlifíṣọ̀n. Àwọn tó jókòó síbí ni mò ń bi ọ́. Níbo ni oníkálùkù wà?"

"Àwọn tó ń ta ayò wà lábẹ́ igi yẹn. Bọ̀dá Gbádérọ̀ jókòó síbí, wọ́n kọjú sí títì."

"Kí ni wọ́n ń ṣe?"

"Wọ́n ń ka ìwé ìròyìn. Nígbà tó yá, wọ́n ká a, wọ́n ń fi lé eṣinṣin." Láwùmí dá ọwọ́ dúró lórí tábìlì tó ń nù. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún un yín, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Eṣinṣin wo? Ẹ wo tábìlì mi. Apakòkòrò ni mo fi ń nù ún láàárọ̀ lálẹ́. Láti ìgbà tí mo ti ń tajà níbí, kò sí oníbàárà tó lé eṣinṣin rí! Mo bi wọ́n, mo ní, 'Bọ̀dá, eṣinṣin wo lẹ̀ ń lé?' Wọ́n ní kí n máa bá tèmi lọ. Níwájú àwọn oníbàárà mi!"

"Ibo ni wọ́n na ìwé ìròyìn náà sí?"

Láwùmí na ọwọ́. Ràfátù jókòó sórí àga Gbádérọ̀, ó tẹ̀lé ọwọ́ obìnrin náà pẹ̀lú ojú. Ó sọdá títì, ó gba orí òdòdó ẹnu géètì kọjá, ó wọ àárín fèrèsé onílúfà tó ṣí sílẹ̀, ó sì bá ojú tẹlifíṣọ̀n Bàbá Ọ̀ṣuntóyìn pàdé, gbangba.

Ó ti mọ̀ nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ inú ọlọ́pàá kò jẹ́ nǹkan kan níwájú adájọ́, kò sì sí adájọ́ tí yóò dá ènìyàn lẹ́bi nítorí pé kò sí eṣinṣin.

"Ta tún ni ó wà níbí lánàá tí o kò dárúkọ?"

"Kò sí. Àfi Ṣèmí Fídíò, tó ń ya àwọn tó ń ṣe ìkómọ. Ó ń dúró de àwọn tó gbà á síṣẹ́. Ó ra kámẹ́rà tuntun, kò jẹ́ ká gbádùn. Ó ya èmi, ó ya igi, ó ya ayò."

Ràfátù ti dìde kí ó tó parí ọ̀rọ̀.

*

Ṣọ́ọ̀bù Ṣemílóore, tí gbogbo ayé ń pè ní Ṣèmí Fídíò, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ Challenge, ariwo àwọn tó ń pe èrò Èkó sì ń wọlé bá wọn níbẹ̀. Ọ̀la ni Ṣèmí fẹ́ ya nǹkan mìíràn lé orí kásẹ́ẹ̀tì tó lò lánàá. Ràfátù ṣe Alhamdulilahi lábẹ́ ẹnu.

Àwòrán jáde. Láwùmí ń fi ọwọ́ bojú, ó ń rẹ́rìn-ín. Igi. Ọwọ́ ẹnì kan tó ń ju ọmọ ayò. Lẹ́yìn wọn, Gbádérọ̀ jókòó, ìwé ìròyìn tó ká wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sókè.

Iná funfun kan ṣẹ́jú nínú ihò ìwé ìròyìn náà bíi ti tànátáná.

"Kí nìyẹn?" ni Adégbénró pariwo.

"Mo rò pé kásẹ́ẹ̀tì ló bàjẹ́," ni Ṣèmí wí. "Ojú mi ò rí iná kankan lọ́jọ́ yẹn o."

Lórí kásẹ́ẹ̀tì náà, lójú ẹsẹ̀ tí iná ṣẹ́jú, ìró tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè. Ohùn Gbádérọ̀ tẹ̀lé e: "Bàbá ti jí o!"

Ràfátù mú rìmóòtù Ṣèmí lórí tábìlì, ó kọ orí rẹ̀ sí ojú kámẹ́rà. "Wo inú kámẹ́rà rẹ, kí o sọ ohun tí o rí." Ó tẹ̀ ẹ́. Lójú lásán, gílóòbù orí rìmóòtù kò ṣe nǹkan kan.

"Yéè! Ó ń tàn! Ó ń ṣẹ́jú!"

Adégbénró gba kámẹ́rà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó, ó yọ ojú kúrò, ó tún wò ó. "Iná tí ojú ò rí," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Kámẹ́rà rí i."

"Jẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì máa lọ," ni Ràfátù wí.

Wọ́n ń wò ó lọ. Àwọn aláyò ń bú ara wọn, Ṣèmí ń kọrin lẹ́yìn kámẹ́rà. Nígbà tó yá, Gbádérọ̀ gbé orí sókè lójijì, ó wo ìhà ilé Bàbá. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó tún na ìwé ìròyìn náà. Iná náà tún tàn, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ó pẹ́ kó tó kú, ìró tẹlifíṣọ̀n sì ń ga, ó ń ga, títí Láwùmí fi pariwo pé, "Kí ló ń ṣe Bàbá lónìí!"

Ràfátù ní kí Ṣèmí dá a padà, ó tún un wò. 

*

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n dé Onírèké. Gbádérọ̀ ló jókòó ní pálọ̀ Bàbá tó ń gba àlejò ọ̀fọ̀, aṣọ dúdú lọ́rùn, àwọn àgbà ẹbí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àǹtí àgbà kan ń fọwọ́ rọ ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ìńsípẹ́kítọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ ti gbé obìnrin yẹn dé kóòtù?"

"Ó di ọ̀la. Mo ní kí n kọ́kọ́ wá bi yín nípa eṣinṣin."

"Eṣinṣin kẹ̀?"

"Èyí tí ẹ̀ ń lé lánàá. Láwùmí ní kò sí eṣinṣin lọ́dọ̀ òun, mo sì gbà á gbọ́."

Gbádérọ̀ rẹ́rìn-ín, ó wo àwọn àgbà. Adégbénró wọlé láti ìta, ó mú rìmóòtù kan lọ́wọ́, gílóòbù mẹ́ta ló tò sórí rẹ̀. Nínú ọkọ̀ Gbádérọ̀ ló ti rí i, abẹ́ àga awakọ̀. Ràfátù gbà á, kò wọlé jìnnà, ó kàn kọ ọ́ sí tẹlifíṣọ̀n láti ẹnu ọ̀nà. Pálọ̀ kún fún ariwo. Àǹtí àgbà kígbe, "Jésù!" Ràfátù pa á.

"Tiwátọ́pẹ́ tó ṣe é wà nínú ọkọ̀ wa, ó fẹ́ wo ojú Jóṣúà tó gbé iṣẹ́ fún òun. Kí n pè é wọlé?"

Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu Gbádérọ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn.

"Kì í ṣe bí ẹ ṣe rò ó. Mo kàn fẹ́ fi rìmóòtù náà dẹ́rù bà wọ́n ni, kí wọ́n lè ta ilé yìí. Mo rò pé a ó fi rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn ni. Lánàá wọ́n bú mi, wọ́n ní ọ̀lẹ ni mí. Mo tì wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo! Orí wọn gbá tábìlì, wọn ò mira mọ́. Mo rò pé wọ́n ti kú. Ẹ̀rù bà mí. Mo fi rìmóòtù wọn sí wọn lọ́wọ́, mo sá jáde. Àṣìṣe ni, ẹ̀yin ẹbí mi. Ẹ̀mí èṣù ni. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ pa bàbá mi."

Ó bú sẹ́kún. Ẹkún gidi ni, kò sí àrékérekè nínú rẹ̀. Àǹtí àgbà náà sunkún, ó tún gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wo Ràfátù bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀bẹ̀, nítorí ìbínú lè mú ẹnikẹ́ni, ọmọ wọn sì ni.

Ràfátù jẹ́ kó sunkún díẹ̀. Ó ń wù ú kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀ yẹn.

"Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ tẹ rìmóòtù náà," ni ó wí. "Kámẹ́rà Ṣèmí rí i. Iná àkọ́kọ́, ẹ fi tan tẹlifíṣọ̀n. Èkejì ńkọ́? Ẹ gbé orí sókè, ẹ wo ìhà ibí, ẹ sì gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n ga títí gbogbo àdúgbò fi ń pariwo. Kí ni ẹ gbọ́?"

Gbádérọ̀ gbọn orí.

"Gbádérọ̀. Kí ni o gbọ́?"

"Ó ń pè mí," ni ó wí. Kò sẹ́ni tó tètè gbọ́ ọ, ohùn náà ti kéré jù. "Ó ń pe orúkọ mi. 'Gbádé, gbà mí.' Mo rò pé àwọn tó ń ta ayò á gbọ́."

Àǹtí àgbà gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò ní èjìká rẹ̀. Ó dìde, ó kó ìró rẹ̀ jọ, ó lọ dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wọn.

Adégbénró mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jáde. Ràfátù gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi á mú un wá," ni ó wí. "Ìwọ máa lọ sí tẹ́ṣàn. Lọ ṣílẹ̀kùn fún ìyá ọlọ́mọ."